Ọ̀gá Tó Pàṣẹ Pé Kí Àrùn Àgbàdo Má Wọ Fìdítì

Ní ọdún tí àrùn kan ń rìn láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè, tó ń ba ewé àgbàdo jẹ́, onírúurú ọgbọ́n ni ayé ń dá sí i. Àwọn kan ń yẹ irúgbìn wò ní pápákọ̀ òfuurufú. Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ wo ewé. Àwọn kan dáná sun oko wọn, wọ́n ń sunkún. Àwa ní Afijió, nítòsí Ọ̀yọ́, pátákó la gbé kọ́.

Pátákó náà wà létí títì, níbi tí èèyàn ti ń wọ Fìdítì bó bá ń ti Ìbàdàn bọ̀. Ó ga ju òrùlé ilé lọ. Àwòrán ọkùnrin kan wà lápá òsì, ó wọ agbádá, ó na ọwọ́ síta bí ẹni tó ń dá mọ́tò dúró. Lápá ọ̀tún ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: ÀRÙN ÀGBÀDO KÒ GBỌDỌ̀ WỌ ÌLÚ YÌÍ. ÀṢẸ Ọ̀GÁ ÀGBÀ. Kòkòrò tó kéré ju ohun tí ojú lè rí ló ń fa àrùn náà, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá kòkòrò ọ̀hún mọ̀wé. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà tí à ń wí yìí, ẹnì kankan kò tíì rí àrùn náà ní Fìdítì, Ọ̀gá Àgbà sì ní pátákó ló ń ṣiṣẹ́.

Abdulwaheed Ṣàngótóyè ni Ọ̀gá Àgbà ń jẹ́. Ọmọ Ìlọrà ni. Àwọn tó mọ bàbá rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí ẹni pẹ̀lẹ́ tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi, tí kò gbé ohùn sókè rí láyé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló ń sọ. Ibi tí ọmọ ti rí ohùn tirẹ̀, ìdílé ọ̀hún ṣì ń wá a. Nígbà tí ìjọba dá Ibùdó Ìṣọ́ Àrùn Àgbàdo sílẹ̀ ní Ìlọrà, ilé oníyàrá mẹ́ta pẹ̀lú ọgbà kékeré kan, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ibẹ̀. Kò tó oṣù kan tó fi sọ ara rẹ̀ di Ọ̀gá Àgbà. Kò sí ọ̀gá kékeré kankan níbẹ̀, nítorí òun àti Nasrullah akọ̀wé rẹ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ Ibùdó.

Iṣẹ́ wọn kò le. Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn yìí, nígbà ayé àwọn òbí wa. Lẹ́yìn náà ló yọ ní Ajẹntínà, ní Bràsíl, ní Amẹ́ríkà. Àwọn orílẹ̀-èdè wá kóra jọ, wọ́n ní kí oníkálukú máa ṣọ́ ilé tirẹ̀, kó sì máa fi ìròyìn ránṣẹ́ lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú fọ́ọ̀mù wọn: Ǹjẹ́ àrùn ìlà ewé ti dé ọ̀dọ̀ yín? Kí èèyàn tó dáhùn, ó yẹ kó wọ oko, kó wo ewé, kó mú èyí tó bá fura sí lọ sí ilé àyẹ̀wò ní Ìbàdàn. Ọ̀gá Àgbà rí i pé gbogbo ìyẹn ń fi àkókò ṣòfò. Ó máa ń kọ RÁRÁ, á fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì, á lu òǹtẹ̀ lé e. Nígbà tó di ọdún karùn-ún, àwọn orílẹ̀-èdè náà wo ogún RÁRÁ tó tò tẹ̀lé ara wọn, ẹnu yà wọ́n. Wọ́n kọ̀wé sí i pé kó máa bọ̀ ní Bràsíl, kó wá kọ́ àwọn tó kù bó ṣe ń ṣe é.

Ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Nasrullah kà á sókè. Nígbà tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, Ọ̀gá Àgbà dìde dúró fún orúkọ ara rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Sàúdátù rí ìlà lára àgbàdo rẹ̀.

Oko Sàúdátù wà lójú ọ̀nà Akínmọ̀ọ́rìn, lórí ilẹ̀ ìjọba tí Ibùdó ń pín fún àwọn àgbẹ̀. Tíṣà ni ọkọ rẹ̀, Ọ̀yọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń lọ ó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Sàúdátù ló ni oko. Àgbàdo funfun kan ló ń gbìn níbẹ̀ tí ilé wọn ń pè ní àgbàdo Ìyá Awẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni Ìyá Awẹ́. Nígbà tí ìyá náà ń bọ̀ wá sílé ọkọ ní Fìdítì, ó di ṣírí mẹ́fà sáàárín ẹrù ìyàwó. Ọwọ́ Ràbíátù ìyá rẹ̀ ló ti gbà á. Ràbíátù gbà á lọ́wọ́ Àṣàkẹ́, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin. Àṣàkẹ́ gbà á lọ́wọ́ ìyá tó bí i, orúkọ tìyẹn ti sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Sàúdátù ni ẹnì karùn-ún. Kí Ìyá Awẹ́ tó kú, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sọ̀rọ̀ ọmọ, kò sọ̀rọ̀ ilé. Ó ní, "Má jẹ́ kó tán lọ́wọ́ rẹ."

Lọ́dún tó kọjá, òjò tètè dá, eku sì tún gun orí àjà tí irúgbìn wà. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù, gbogbo rẹ̀ pátá ló wà nínú ilẹ̀ lọ́dún yìí. Bí oko yìí bá lọ, irúgbìn lọ nìyẹn.

Ìsàlẹ̀ oko, lápá odò, ni ìlà ti yọ. Kì í ṣe lára àgbàdo funfun. Ara àgbàdo pupa ilẹ̀ òkèèrè ni, èyí tí Ọ̀gá Àgbà fún un. Ọ̀gá Àgbà ti ìrìn àjò kan dé lọ́dún tó kọjá, ó bu irúgbìn náà wá nínú báàgì rẹ̀, ó pọ́n ọn sínú ọ̀rá tí wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sí, ó sì ń fi í ta àwọn èèyàn lọ́rẹ. Ọ̀kan kan Sàúdátù nígbà tí wọ́n fi í ṣe Àgbẹ̀ Obìnrin Tó Tayọ. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó dà á nù, ló bá gbìn ín sí igun. Òfin Ibùdó fúnra rẹ̀ sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé irúgbìn òkèèrè wọlé láìjẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀gá Àgbà náà fi í sílẹ̀.

Ìlà náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti irin tó dípẹtà. Sàúdátù ti rí àgbàdo tí oòrùn pa rí, ó ti rí èyí tí kòkòrò jẹ. Kò rí irú èyí rí. Ó já ewé kan, ó dì í sínú ọ̀rá méjì, ó gun ọ̀kadà, ó di Ìlọrà.

Ó bá Nasrullah níbi tó ti ń nu gíláàsì àwòrán Ọ̀gá Àgbà.

"Nasrullah, ṣé àlàáfíà ni? Ewé àgbàdo kan ni mo mú wá. Ó jọ pé ara rẹ̀ kò yá."

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ó ní ìwé?"

"Kí ló ní ìwé?"

"Àìsàn náà." Nasrullah nawọ́ sí ara ògiri, níbi tí wọ́n lẹ òfin mọ́. "Fọ́ọ̀mù mẹ́rin, lẹ́tà baálẹ̀, fọ́tò pélébé méjì."

"Fọ́tò tèmi?"

"Ti àgbàdo. Kó kọjú síwájú, kí aṣọ pupa wà lẹ́yìn rẹ̀."

Sàúdátù wò ó bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà.

"Èwo ni iwájú àgbàdo, Nasrullah?"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ gbìn ín."

Ibi tí wọ́n dé nìyí tí mọ́tò fi fun fèrè níta. Nasrullah sọ aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀, ó lanu: "Ẹ dìde! Ìbòrí àgbàdo! Odi tí àrùn kò rí fò! Ọkùnrin kan ṣoṣo tó jókòó sí Ìlọrà tó ń ṣọ́ gbogbo ayé!" Ọ̀gá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi parí, nítorí ó ti fi ṣòfin pé òun kò ní wọlé kí oríkì òun tó wọlé.

Wọ́n ro ẹjọ́ fún un.

"Àrùn?" ló wí. "Ní ibi tí mò ń ṣọ́? Sàúdátù, ṣé ẹ rí pátákó tó wà lójú títì?"

"Mo rí i sà."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Pé àrùn kò gbọdọ̀ wọlé sà."

"Ó dáa. Ṣé ẹ wá ń sọ fún mi pé ó ṣàìgbọràn ni?"

"Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣàìgbọràn sà. Mo kàn ní kẹ́ ẹ bá mi wo ewé yìí ni. Bó bá jẹ́ òun, ẹ jẹ́ kí n gé igun yẹn, kí n sun ún, kó má bàa dé ara àgbàdo funfun. Irúgbìn ìyá ọkọ mi ni sà. Kò sí òmíràn nílé."

Èèyàn mẹ́ta péré ló wà nínú yàrá náà, ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àgbà kọjú sí fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ogunlọ́gọ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin ènìyàn Afijió! Nígbà tí Amẹ́ríkà ń sunkún, ta ló ń rẹ́rìn-ín? Nígbà tí Ajẹntínà ń sun oko, ta ló ń sun àgbàdo jẹ? Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní, èmi Abdulwaheed yóò dìde dúró ní Bràsíl, Bràsíl yóò sì jókòó! Ṣé ewé kan, ewé kan ṣoṣo tí kò gùn tó apá mi, ni yóò wá dènà dè mí?"

"Kò lè dènà dè yín sà," ni Nasrullah wí.

Ọ̀gá Àgbà kò wo ewé náà. Ó ní kí wọ́n gbé e jù sẹ́yìn ilé. "Ẹ ò gbọdọ̀ gé nǹkan kan," ló sọ fún Sàúdátù. "Bí ẹ bá gé e, wọ́n á béèrè ohun tẹ́ ẹ gé. Ẹni tó bá fi àdá kan àgbàdo kí n tó ti Bràsíl dé, Ibùdó á gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Sàúdátù padà sí oko. Ó mú àdá, ó dúró níwájú igun náà títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó. Bó bá gé e, wọ́n á gba ilẹ̀, àgbàdo funfun tí kò tíì gbó á sì bá ilẹ̀ lọ. Bí kò bá gé e, àrùn lè gòkè. Ó fi àkísà wé àdá náà, ó lọ sílé.

Láti fi han ayé pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ọ̀gá Àgbà kéde Ìbẹ̀wò Ńlá. Ó ní òun fúnra òun yóò wọ oko mẹ́sàn-án láàárín ọjọ́ mẹ́rin, Nasrullah yóò sì máa ya fọ́tò tí wọn yóò fi ṣe kàlẹ́ńdà fún àwọn ará Bràsíl. Kí ẹ tó bi wá léèrè ohun tí èèyàn ń fi agbádá ṣe nínú oko, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé. Ọ̀gá Àgbà gbà pé ọlá ìjọba wà lára aṣọ, àti pé bí àgbàdo bá rí ẹni tó wọ ṣòkòtò oko, kò ní bọ̀wọ̀ fún un. Àárọ̀ kùtù ló sì fẹ́ràn jù, nítorí ìrì ń jẹ́ kí ewé dán nínú fọ́tò. Ohun kẹta ni pé ó máa ń dì mọ́ àgbàdo. Yóò na apá agbádá méjèèjì, yóò kó igi mẹ́fà tàbí méje pọ̀ sí àyà, yóò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ewé, yóò rẹ́rìn-ín. Ìdìmọ́ra Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n ń pè é. Kò sí oko tó ń wọ̀ tí kò ní ṣe é.

Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó dé oko Sàúdátù, nítorí àgbàdo ibẹ̀ ló ga jù. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Aṣọ rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó balẹ̀.

"Níbo lẹ ní ó wà?"

"Nísàlẹ̀ yẹn sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ibẹ̀. Ẹ gba òkè, ọ̀nà wà."

"Ibẹ̀ gan-an ni màá gbà. Bí àrùn bá wà níbẹ̀, ṣé èmi á gba ibẹ̀?"

Sàúdátù gbìyànjú láti rí ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Kó tó rí i, Ọ̀gá Àgbà ti wọlé. Ó gba àárín àgbàdo pupa kọjá, omi ewé ń ro sí i lára, etí agbádá ń wọ́ lórí ohun gbogbo. Ó dì mọ́ àgbàdo níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí Nasrullah ní ojú Ọ̀gá pa dé nínú fọ́tò àkọ́kọ́. Ó wá gòkè wọ àárín àgbàdo funfun, ó ń fi apá aṣọ gbá wọn lọ́tùn-ún lósì bí ẹni ń kí èrò. Sàúdátù ń tẹ̀ lé e, ó ń sọ pé, "Sà, ẹ rọra. Sà, aṣọ yín tutù. Sà." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo oko kọjá. Apá òkè nìkan, níbi tí àpáta wà, ni kò dé, nítorí bàtà rẹ̀ ń yọ̀.

Láti ibẹ̀ ló ti lọ sí oko kejì, aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn rẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń pààrọ̀ agbádá, ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ náà ló kọ́kọ́ ń padà sí oko Sàúdátù láti ya fọ́tò mìíràn. Nínú oko mẹ́sàn-án, ọ̀kan péré ni kò rí wọ̀. Oko Sìrájù ni, ó fẹ̀gbẹ́ kan ti Sàúdátù. Àgbà ọkùnrin ni Sìrájù, ọ̀rọ̀ rẹ̀ korò. Ó kó igi ẹlẹ́gùn-ún dí ẹnu ọ̀nà oko.

"Sìrájù, ẹ ṣí ọ̀nà! Ọ̀gá Àgbà dé!" ni Nasrullah pariwo.

"Ẹ kú àbọ̀ sà. Ẹ wò ó láti ojú ọ̀nà. Àgbàdo mi ń tijú àlejò."

"Ẹ ò fẹ́ Ìdìmọ́ra?"

"Ìyàwó mi ti ń dì mọ́ mi sà. Ó tó wa."

Ọ̀gá Àgbà pàṣẹ kí wọ́n kọ orúkọ Sìrájù sí abẹ́ àwọn olóríkunkun. Òun ló wà ní abẹ́ náà nìkan.

Lọ́jọ́ kẹwàá lẹ́yìn ìbẹ̀wò àkọ́kọ́, Sàúdátù rí ìlà àkọ́kọ́ lára àgbàdo funfun. Lọ́jọ́ kejìlá, kò lè kà á mọ́. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé kò tàn kálẹ̀ bí iná. Ó tò ni, ó fẹ̀ tó ìwọ̀n ọkùnrin kan tó na apá méjèèjì. Ó jókòó sórí ebè, kò sunkún. Ó pe Olúwatóyọ̀sí.

Ọmọ tíṣà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ni Olúwatóyọ̀sí, ó wà ní ilé àyẹ̀wò ní Ìbàdàn, ibi tó yẹ kí Ibùdó máa kó ewé lọ. Láti ọdún márùn-ún, kò rí ewé kan láti Ìlọrà. Ó wọ bọ́ọ̀sì wá. Kó tó fi ẹsẹ̀ kan oko, ó po omi mọ́ bílíìṣì nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fọ bàtà rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó tún fọ ọ́. Oko mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló dé, ó já ewé, ó sì fọ bàtà lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sìrájù wò ó, ó sì fa ẹ̀gún kúrò lọ́nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

"Ǹjẹ́ mo ṣì lè rí irúgbìn mú nínú rẹ̀?" ni Sàúdátù bi í.

"Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò ná, mà. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín."

Ó ku ọjọ́ méjì kí Ọ̀gá Àgbà gbéra nígbà tí wọ́n ṣe ìdágbére fún un ní gbọ̀ngàn ìlú ní Ìlọrà. Ó ti kọ̀wé sí ilé àyẹ̀wò pé kí wọ́n rán ẹnì kan wá yìn ín. Olúwatóyọ̀sí ni wọ́n rán, pẹ̀lú èsì àyẹ̀wò. Wọ́n ta aṣọ funfun sí iwájú, wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, àwọn ará Bràsíl sì ń wò wọ́n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nasrullah ló ń sọ ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Àgbà di èdè Gẹ̀ẹ́sì fún wọn, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju ti ọ̀gá lọ.

Olúwatóyọ̀sí kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá Àgbà, ó rọra sọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó dáa kí ẹ̀yin nìkan kọ́kọ́ rí i ná."

"Kí n rí i níkọ̀kọ̀? Ìyìn tèmi, kí n gbé e pamọ́? Gbé e sójú aṣọ!"

Ó gbé e sójú aṣọ. Àwòrán ilẹ̀ Afijió ni, pẹ̀lú àmì pupa mẹ́jọ àti aláwọ̀ ewé kan. Ọ̀gá Àgbà wò ó, ojú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dán.

"Áà!" ló wí. "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi!"

"Sà—"

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi, ọmọ mi." Ó gba ọ̀pá ìtọ́ka lọ́wọ́ rẹ̀. "Bràsíl, ẹ fọkàn bá mi lọ! Àmì yìí, oko Sàúdátù, ọjọ́ Ajé, aago méje. Mo dì mọ́ àgbàdo níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àmì yìí, ọjọ́ kan náà, aago mẹ́sàn-án. Nasrullah, ṣí kàlẹ́ńdà! Àmì yìí, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agbádá elésè àlùkò. Àti èyí. Àti èyí!" Bó ṣe ń tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni Nasrullah ń gbé fọ́tò rẹ̀ sókè, tòun ti ọjọ́ àti aago. "Ẹ bi wọ́n léèrè! Ǹjẹ́ ẹlòmíràn wà tó wọ gbogbo oko mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yìí? Kò sí! Èmi nìkan ni! Ibikíbi tẹ́ ẹ bá ti rí pupa, èmi ni mo dé ibẹ̀!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nasrullah ti túmọ̀ rẹ̀ tán, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀.

"Ta ló wá ni aláwọ̀ ewé yìí?"

"Oko tèmi ni sà," ni Sìrájù dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Olóríkunkun! Ẹ rí i? Òun nìkan ni kò ní pupa." Ọ̀gá Àgbà mi orí, àánú ṣe é. "Ká ní o ṣí ọ̀nà fún mi ni, ìwọ náà ì bá ti ní i."

"Mo dúpẹ́ pé mi ò ṣí i sà."

Sàúdátù ló dìde. Ó di ẹ̀yìn àga mú. "Tóyọ̀sí ọmọ mi, sọ ohun tí pupa yẹn jẹ́ fún wọn."

"Ibi tí a ti rí àrùn ìlà ewé ni, mà," ni Olúwatóyọ̀sí wí. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì nítorí Nasrullah ti dákẹ́. "Ara àgbàdo pupa tó ti òkèèrè wá ló pọ̀ sí jù. A kò tíì lè sọ dájúdájú pé irúgbìn náà ló gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé e láti oko dé oko, a mọ̀ ọ́n. Ohun tó tutù ni, ó ń kan ewé, kò sì fọ ara rẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí agbádá.

Ọ̀gá Àgbà wo àmì pupa mẹ́jọ. Ó wo kàlẹ́ńdà. Ó ya ẹnu, ohun tó sì ti ẹnu rẹ̀ jáde kéré débi pé àwọn tó jókòó níwájú gan-an kò gbọ́ ọ. Àwọn àgbàlagbà Ìlọrà ní ọjọ́ yẹn ni àwọn kọ́kọ́ gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Láti inú ẹ̀rọ ni obìnrin ará Bràsíl kan ti béèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá ogún RÁRÁ yẹn ṣì dúró.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò gba ọ̀sẹ̀ kan. Bràsíl kọ̀wé pé kó má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Ìjọba gba Ibùdó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì kà á léèwọ̀ fún un láti wọ oko àgbàdo kankan fún ọdún méjì. Àwọn ènìyàn tó wọ ìbọ̀wọ́ wá sílé rẹ̀, wọ́n kó agbádá mẹ́rin sínú ọ̀rá, wọ́n dì í lẹ́nu, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára. Aláwọ̀ ojú ọ̀run ni nọ́ńbà kìíní. Wọ́n ní kí Olúwatóyọ̀sí máa bójú tó Ibùdó fúngbà díẹ̀, Nasrullah sì lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ oríkì, ó ti dé "Odi tí àrùn," nígbà tí ọmọbìnrin náà na bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i pé kó bá òun pọn omi wá.

Èsì Sàúdátù ni ó kù. Olúwatóyọ̀sí mú un wá fúnra rẹ̀. Ìsàlẹ̀ oko gbọ́dọ̀ lọ sínú iná, gbogbo ibi tí agbádá gbà kọjá náà gbọ́dọ̀ lọ. Apá òkè lẹ́bàá àpáta mọ́. Bó bá gbó, kí ó kó irúgbìn rẹ̀ wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kó má gbin àgbàdo sórí ilẹ̀ yẹn fún ọdún méjì. Kó gbin ẹ̀wà. Sàúdátù lọ sí ẹ̀bá àpáta, ó fi ọwọ́ kan igi kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kà á. Mẹ́tàlélógójì ni.

"Níbo ni màá wá gbìn ín sí?" ló béèrè, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan pàtó.

Sìrájù wà lódìkejì ẹ̀gún, ó ń ṣe bí ẹni tí kò fetí sílẹ̀. "Ebè mẹ́wàá wà lápá ibí tí mi ò lò," ló wí. "Ẹ fọ ẹsẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó wọlé o. Mi ò fẹ́ àlàyé."

Ọjọ́ tí wọ́n ń sun oko, ọ̀kadà kan dúró lójú ọ̀nà. Abdulwaheed ló sọ̀ kalẹ̀, ṣáàtì àti ṣòkòtò ló wọ̀. Ó dúró létí oko, kò kọjá ibẹ̀, nítorí òfin.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Sàúdátù."

"Ẹ kú àbọ̀ sà."

"Lẹ́tà kékeré kan ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi fọwọ́ sí. Pé mi ò mọ̀. Pé bí mo bá mọ̀ ni, mi ò ní wọ ibẹ̀."

"Mo sọ fún yín sà."

"Ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ lóòótọ́." Ó wo iná, ó wo ilẹ̀. "Kò sẹ́ni tó fi í hàn mí ni."

Sàúdátù wò ó pẹ́. Ó tẹ̀ ba, ó ṣa ewé kan nínú èyí tí wọ́n fẹ́ dà sínú iná, ó mú un lọ sí etí oko. Kò nà án sí i. Ó gbé e sókè sójú oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá. Àwọn ìlà náà tàn yanran láàárín ewé tútù, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, etí wọn rí wúruwùru.

Abdulwaheed sún mọ́ ọn níwọ̀n bí òfin ti gbà á láyè. Ó di ojú kan, ó fi ìkejì wò ó.

"Òun nìyí?"

"Òun nìyí sà."

"Mo rò pé ó máa tóbi jù báyìí lọ," ló wí.

Sàúdátù ju ewé náà sínú iná. Èyí tó kù láti gé ṣì pọ̀, oòrùn sì ti ń ga. Ó mú àdá rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.